Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ráútà

Ẹgbẹ́ yín ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń pa ráútà ilé, tí a sì ń tún un tàn, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá kọ̀. Mo bi akọ̀wé yín bóyá ó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ yẹn tó ohun tí à ń pe èèyàn wá sọ níwájú àgbà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn wa mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ ni wọn ò mọ̀." Mo gbà fún un, ìdí nìyí tí mo fi wà níwájú yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí gbogbo ìlú Accra pa ráútà, tí wọ́n tún un tàn, tí kò sì já mọ́ nǹkan kan. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Láti Dansoman dé Madina, láti Osu dé Tema, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù: wọ́n fa ṣájà ráútà yọ lára iná, wọ́n kà díẹ̀, wọ́n dá a padà. Ráútà tàn bó ṣe máa ń tàn. Orúkọ Wi-Fi jáde lórí fóònù. Àmọ́ ẹni tó ṣí WhatsApp, ńṣe ló ń wo nǹkan róbótó kan tó ń yí bírí lójú kan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ sú wá abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀pá yẹtí ìyàwó rẹ̀, ó kì í bọ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí gbogbo iná fi kú, ó rò pé òun ti rí ojútùú.

Kò sí ohunkóhun tó ṣe ráútà ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Okùn mẹ́rin tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun ló bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: SAT-3, WACS, ACE àti MainOne. Okùn márùn-ún bẹ́ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún Gánà nígbà yẹn. Ìkarùn-ún, tí í ṣe Glo-1, nìkan ló ṣẹ́ kù tí kò fara gbá. Èkó, Kòtónù, Lomé àti Monrovia náà jẹ nínú ìyà ọjọ́ yẹn, olúkúlùkù dé ìwọ̀n tó ti gbára lé àwọn okùn mẹ́rin náà. Àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Gánà, National Communications Authority, NCA tí a mọ̀, sọ fún ará ìlú pé àtúnṣe yóò gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó kéré tán.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Ẹ fojú inú wo ẹni tó ti fi abẹ́rẹ́ nu ráútà rẹ̀ mọ́ tónítóní lọ́jọ́ kìíní. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ bá wá ọ̀nà àbùjá, tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń padà dé díẹ̀díẹ̀ sí ilé aládùúgbò, tirẹ̀ kò ní padà, torí ráútà rẹ̀ kò mọ ẹni tó ni í mọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi ọwọ́ ara wa dá làpálàpá sílẹ̀ sára ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ń bá jà.

Mo fẹ́ ká mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ wa ń gbà kó tó dé ibi tó ń lọ. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ìyá kan ní Accra New Town, tí àwọn àgbà ibí ṣì ń pè ní Lagos Town, bá fi fídíò pe ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwòrán ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ gba afẹ́fẹ́ láti ara fóònù lọ sínú ráútà. Ìrìn yẹn kò ju ìwọ̀n yàrá méjì tàbí mẹ́ta lọ, òun ló sì ń jẹ́ Wi-Fi. Láti inú ráútà, ó lè gba okùn fáíbà tó ti ara ògiri jáde sí òpó àdúgbò, tàbí, bó bá jẹ́ ráútà onísíìmù bíi TurboNet ti MTN, kó tún gba afẹ́fẹ́ lọ sí òpó ìbánisọ̀rọ̀ tó ga fíofío lórí ilé ẹnì kan. Ibẹ̀ ló ti lọ sí ilé-iṣẹ́ tí à ń sanwó fún. Ilé-iṣẹ́ náà ló máa wá gbé e lé okùn abẹ́ òkun, tí í gbé e gba ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kọjá lọ sí Yúróòpù. Nínú gbogbo ìrìn àjò yìí, apá tó wà lábẹ́ àṣẹ yín kò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí fóònù bá kọ ọ́ síwájú yín pé ẹ ti wọ Wi-Fi ṣùgbọ́n kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń sọ ni pé òun ti dé ọ̀dọ̀ ráútà, àmọ́ ráútà kò rí ọ̀nà jáde. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yẹn ti yọ ara rẹ̀ nínú ìdajì wàhálà.

Kí ló wá dé tí pípa àti títàn fi máa ń ṣiṣẹ́ nígbà púpọ̀? Torí ó máa ń ṣiṣẹ́ o, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ibí lọ kó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ráútà jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan. Ó ní ọpọlọ, ó ní ibi ìrántí, ìrántí náà kò sì pọ̀, pàápàá nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń há fún wa nígbà tí a bá fẹ́ gba ìlà. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ fún ilé yín, àmọ́ fóònù mẹ́fà, tẹlifíṣọ̀n kan àti kọ̀ǹpútà ọmọ iléèwé ló ń lò ó pọ̀. Nígbàkigbà tí ọ̀kan nínú wọn bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ayé, ráútà ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti ta ni, kí èsì tó bá dé má baà ṣìnà. Ẹ wo obìnrin tó ń ta waakye láàárọ̀: ogún èèyàn ló dúró tì í, ẹnì kan fẹ́ ẹyin, ẹnì kan kò fẹ́ ṣitó, ẹnì kan ti sanwó kò tíì gba ṣéńjì, orí nìkan ló sì fi ń mú gbogbo rẹ̀. Bí èrò bá pọ̀ jù, á dúró, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀." Ohun tí pípa ráútà ń ṣe nìyẹn. Ó ń pa gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ rẹ́, kí olúkúlùkù tún sọ tirẹ̀.

Àwọn ìdí míì wà. Ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà lè ní àléébù, kó máa jẹ ìrántí díẹ̀díẹ̀ láì dá a padà, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù kan tí wọn ò pa á rí, kò ní àyè láti mí mọ́. Àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ yá ráútà lè ti kọjá àkókò rẹ̀, kí ẹ̀rọ náà má sì béèrè òmíràn. Fóònù méjì nínú ilé lè máa jà lórí àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ráútà onísíìmù lè rọ̀ mọ́ òpó ìbánisọ̀rọ̀ kan tó ti kún fún èrò láti àárọ̀, nígbà tí òmíràn wà nítòsí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Bí ẹ bá pa á, tó bá jí, á tún wò yíká, ó sì lè yan èyí tó dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú ọ̀nà orí afẹ́fẹ́ tí Wi-Fi ń gbà. Nínú kọ́ńpáùndì tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé, tí olúkúlùkù ní ráútà tirẹ̀, gbogbo wọn lè ti kó jọ sójú ọ̀nà kan, kí wọ́n máa pariwo lé ara wọn lórí. Èyí tó bá tún jí lè rí ibi tó parọ́rọ́.

Ooru náà ń bẹ níbẹ̀. Mo ti rí ráútà tí wọ́n fi aṣọ tábìlì ẹlẹ́wà bò nítorí eruku ọyẹ́. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n ihò tí ẹ̀rọ náà fi ń mí ni wọ́n dí. Lẹ́yìn ọ̀sán gbígbóná oṣù Kẹta ní Accra, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á máa ṣe bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí ẹ bá pa á, ara rẹ̀ á tutù, á ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, á tún kọ̀. Ẹ ṣí aṣọ kúrò.

Ó kan bí a ṣe ń ṣe é. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá owó tàbí dátà ti tán. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ ráútà tí wọ́n ń gbé lọ sí àdúgbò Circle fún àtúnṣe, kò sí ohun tó ṣe wọ́n ju pé dátà tán. Àwọn kan sì wà tí síìmù inú ráútà wọn ló kú: láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n ti ń ti àwọn síìmù tí wọn kò fi káàdì ìdánimọ̀ Ghana Card forúkọ wọn sílẹ̀ pa. Ẹni tó ra ráútà lọ́wọ́ ẹni tó padà sí Nàìjíríà, tí síìmù ìyẹn ṣì wà nínú rẹ̀, kó yára yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí owó bá wà, ẹ fa ṣájà yọ lára iná. Ẹ má kàn tẹ bọ́tìnì. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, tàbí ìṣẹ́jú kan gbáko, torí àwọn nǹkan kéékèèké kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi iná pamọ́, bí ẹ bá sì yára dá a padà, ẹ̀rọ náà kò tíì gbàgbé nǹkan kan. Bó bá jẹ́ fáíbà, tó sì jẹ́ àpótí méjì ni wọ́n fún yín, èyí tí okùn ògiri wọ̀ ni kó kọ́kọ́ gba iná. Ẹ dúró títí iná tí wọ́n kọ PON sí lábẹ́ yóò fi dúró láì ṣẹ́jú mọ́, kí ẹ tó fún èkejì níná. Lẹ́yìn náà, ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Sùúrù ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí ló ń ṣòro fún àwọn èèyàn wa ju ohun gbogbo lọ. A ò tíì rí iná kejì tó tàn tí a ti tún ń fà á yọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ kí ẹ wo ojú ẹ̀rọ náà, torí ibi tí ìwúlò pípa àti títàn wà jù lọ nìyí. Àyẹ̀wò ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń wo àrùn sàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí iná pupa tí wọ́n kọ LOS sí lábẹ́ bá ń ṣẹ́jú lára àpótí fáíbà, ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó máa gba inú okùn wọlé kò dé mọ́. Ó lè jẹ́ pé okùn náà ti ká kò nítorí pé ẹnì kan ti àga mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ pé àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà lójú títì ti fi kátákátá gé e. Kò sí iye ìgbà tí ẹ lè pa ráútà tí yóò so okùn tó já. Bí gbogbo iná bá dára, tí fóònù kan kò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì tí òmíràn ń rí i, fóònù ni kí ẹ pa, ẹ fi ráútà sílẹ̀. Bí gbogbo iná bá dára, tí fóònù kankan kò rí nǹkan kan, ẹ bi aládùúgbò tó ń lo ilé-iṣẹ́ kan náà. Bí tirẹ̀ náà bá kọ̀, ẹ lọ ṣe iṣẹ́ míì. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ní kí ẹ pa á. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó bá pa á nígbà kẹta, ó kàn ń wá ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe ni.

Àwa tó ń gbé Accra tún ní olùrànlọ́wọ́ kan tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò ní. Dumsor, ìyẹn iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀, ń bá wa pa ráútà, ó sì ń bá wa tàn án, kò gba pésẹ̀wà kan. Wàhálà rẹ̀ ni pé kì í ṣe ráútà yín nìkan ló ń pa. Bí iná bá lọ ní àdúgbò, àpótí fáíbà tó wà lójú títì àti òpó ìbánisọ̀rọ̀ náà wà lórí bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀. Bí ìyẹn bá tán, àwọn náà á kú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ iná ECG bá wá dá iná padà, ráútà yín lè jí ṣáájú wọn, kó pè wọ́n, kí wọ́n má dáhùn, kó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí iná bá dé, kí wọ́n tó pa ráútà kí wọ́n tún un tàn. Ìgbà yẹn gan-an ló máa ń wúlò jù lọ. Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ fa ṣájà yọ nígbà tí iná bá ti lọ, torí bí iná ṣe ń wọlé lójijì, tó máa ń ga ju 230 volt tó yẹ kó jẹ́, ló ń jó ṣájà. Ẹ tún ṣọ́ra fún ṣájà àyálò. Èyí tó ń gbé 12 volt jáde àti èyí tó ń gbé 9 tàbí 5 jáde lè ní ẹnu kan náà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ráútà tí iná rẹ̀ kò tó máa ń tàn, á sì máa kú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, olówó rẹ̀ á máa bú ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ihò kékeré. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí a pa ráútà àti kí a fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò yẹn pọ̀ gan-an. Pípa kò fọwọ́ kan ohun tí ẹ ti tò sínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sókè, ń dá ẹ̀rọ náà padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Orúkọ Wi-Fi yín lọ, ọ̀rọ̀ aṣínà lọ. Bó bá jẹ́ irú èyí tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wá tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ìlà sínú rẹ̀, ìyẹn náà ti lọ, òun sì ni ráútà fi ń wọlé sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́. Tí ẹ ò bá kọ ọ́ síbì kan, ẹ ó jókòó sórí fóònù kọ́sítọ́mà kíà, ẹ ó máa gbọ́ orin.

Síbẹ̀, ọjọ́ ń bẹ tí abẹ́rẹ́ tọ̀nà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, àjọ FBI ti Amẹ́ríkà ṣe ohun tí kò wọ́pọ̀: wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ní ráútà nílé àti ní ọ́fíìsì kéékèèké pa á, kó tún un tàn. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti kó ètò ibi kan tó ń jẹ́ VPNFilter sínú ráútà tó tó 500,000 ní orílẹ̀-èdè 54, ó kéré tán. Pípa ráútà ń nu apá tó ń ṣiṣẹ́ ibi náà dànù, nítorí inú ìrántí tó ń pa rẹ́ ló wà. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ ibi tí pípa kò dé. Ẹni tó fẹ́ fà á tu pátápátá ní láti dá ẹ̀rọ náà padà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde, kó fún un ní ètò ìdarí tuntun, kó sì pa ọ̀rọ̀ aṣínà dà.

Ó tún sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 2016, ọkùnrin ará Bìrìtéènì kan fi ẹ̀rọ àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí, kámẹ́rà ojú ilé àti irú wọn, gbógun ti ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ Lonestar ní Làìbéríà. Ẹnì kan láti ilé-iṣẹ́ tó ń bá Lonestar díje ló sanwó fún un. Ètò ibi tó ń jẹ́ Mirai ló lò. Bí Mirai ṣe ń ṣe ni pé ó ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó ń gbìyànjú ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ̀rọ náà bá jáde láti ilé-iṣẹ́, àwọn bíi "admin" àti "1234". Ẹni tí kò yí tirẹ̀ padà ti ṣílẹ̀kùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ìkọlù tí ọkùnrin náà fi Mirai ṣe kan ráútà ní Jámánì, íntánẹ́ẹ̀tì sì kọ̀ fún oníbàárà Deutsche Telekom tó tó 900,000. Ìmọ̀ràn tí ilé-iṣẹ́ náà fún wọn ni pé kí wọ́n yọ ráútà lára iná, kí wọ́n tún un tàn kó lè gba àtúnṣe. Ilé ẹjọ́ ní Bìrìtéènì rán ọkùnrin náà lẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Nítorí náà, ẹ wo abẹ́ ráútà yín lálẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ṣì ń lò.

Ó ku òkun. Lọ́dún 1886 ni okùn tẹligíráfù abẹ́ òkun ti kọ́kọ́ so Accra mọ́ Freetown, Lagos àti Bonny, nítorí náà kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú omi. SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, òun nìkan sì ni agbègbè yìí ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó rẹ̀ sì ga ju orí lọ. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ MainOne, tí Funke Opeke, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, dá sílẹ̀, tẹ́ okùn tó tó 7,000 kìlómítà láti Pọ́túgà dé Accra àti Èkó. Mo ń fi ìyẹn yangàn níbikíbi tí mo bá ti rí àyè, ẹ má bínú. Glo-1 náà dé ní àkókò yẹn, WACS àti ACE sì tẹ̀ lé wọn ní 2012.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni gbogbo wa ń wí. Àmọ́ ọ̀nà mẹ́rin tó bá gba orí afárá kan ṣoṣo kọjá, bí afárá bá wó, ọ̀nà kan ni gbogbo wọn. Níwájú Abidjan, àfonífojì jíjìn kan wà lábẹ́ òkun tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní Trou Sans Fond. Ó bẹ̀rẹ̀ nítòsí etíkun gan-an, ó sì ń jìn sí i bó ṣe ń wọ agbami. Àwọn okùn wa gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí MainOne kọ́kọ́ sọ ni pé ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì. Ó yẹ kó ti fu wá lára: ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, oṣù méje péré ṣáájú, ilẹ̀ tó ya lulẹ̀ nínú àfonífojì abẹ́ òkun tó wà lẹ́nu odò Congo ti gé SAT-3 àti WACS pọ̀ lọ́jọ́ kan. Nínú agbami, okùn tó gbé ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú yìí kò nípọn ju rọ́bà tí à ń fi bomi rin ọgbà lọ. Fáíbà inú rẹ̀ sì tín-ín-rín bí irun orí. Ọkọ̀ àtúnṣe ní láti gbéra láti èbúté tó jìnnà, kó fi ìwọ̀ wá okùn náà lábẹ́ omi, kó fa ẹnu rẹ̀ méjèèjì sókè, kó so wọ́n ní fáíbà kọ̀ọ̀kan, kó dán an wò, kó tó rọra dá a padà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ ni a ń kà.

Ó dùn mí pé Abidjan gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, torí a mọ iye ọmọ Èjìgbò tó wà níbẹ̀, a sì mọ ìdílé tó ní ẹ̀gbọ́n ní Abidjan, àbúrò ní Accra àti ìyá nílé ní Èjìgbò. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìpè lásán tí kò gba íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbọ́ ohùn ara wọn.

Kí ló kó àwọn kan yọ? Equiano, okùn Google tó gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù Kẹta ọdún 2022 àti sí Èkó ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kò bàjẹ́. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìyẹn ni pé okùn tó bá gba ibòmíràn kọjá sàn ju okùn mẹ́wàá tó gba ibì kan náà lọ, ó sì yẹ kí NCA máa béèrè ojú ọ̀nà okùn lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè bó ṣe ń yára tó. Ohun kejì wà níhìn-ín láàárín ìlú. Láti 2005 ni Accra ti ní ibùdó pàṣípààrọ̀ tí wọ́n ń pè ní GIX, níbi tí ilé-iṣẹ́ kan ti lè fi ọ̀rọ̀ lé èkejì lọ́wọ́ láì jẹ́ pé ó kọ́kọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà. Ohun tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan ní Accra, tó sì gba ibẹ̀, kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú òkun. Ẹ fi í ṣe àyẹ̀wò nílé: bí ojú ewé tí wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ ní Gánà bá ń ṣí, tí ti òkè òkun kò ṣí, ráútà yín kò jẹ̀bi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ojú ewé fún ilé ìtajà àti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí wa, tí ẹ sì ń gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà nítorí pé ó fi dọ́là díẹ̀ dínkù, ẹ tún un rò.

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni Starlink ti ń tà ní Gánà, ó sì ń gba ojú ọ̀run. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká a, kó rà á. Ráútà wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, òun náà á sì ní ọjọ́ tí ẹ ó pa á kí ẹ tún un tàn.

Bí ẹ bá wá ní láti pe kọ́sítọ́mà kíà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "íntánẹ́ẹ̀tì yín ò dáa." Ẹ sọ iná tó ń tàn àti àwọ̀ rẹ̀, ẹ sọ pé ẹ ti pa á lẹ́ẹ̀kan fún ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ bóyá ti aládùúgbò ń ṣiṣẹ́, ẹ sọ àkókò tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé tó wà lórí ìlà náà ní ìwé kan níwájú rẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ kà fún yín, ohun àkọ́kọ́ tó sì wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ pa ráútà. Bí ẹ bá ti dá a lóhùn kó tó béèrè, á fò ó, á lọ sí èyí tó kàn, ó sì ṣeé ṣe kó fi yín lé ẹni tó mọ̀ ju òun lọ lọ́wọ́. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀.

Alága, mo rí i pé àkókò ti lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wà nídìí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bébà àti bírò. Ẹni tó bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà, kó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á fi bí a ṣe ń wọ inú ráútà láti orí fóònù hàn án, wọ́n á sì kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣínà náà fúnra rẹ̀, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rí i, títí kan ọmọ tiyín.